Ìbò ọjọ́ ìpàdé tàbí líńkì ìgbàyè: èwo ló yẹ ẹgbẹ́ wa?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ẹ̀bá Ọ̀mù-Àrán

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Àwa 14 la wà nínú ìgbìmọ̀: mẹ́fà ń gbé Ìlọrin, mẹ́ta wà nílé, méjì wà ní Èkó, méjì wà ní London, ẹnì kan sì wà ní Houston. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wá ọjọ́ tí a máa fi ṣèpàdé lórí Zoom nípa kíláàsì mẹ́ta tí atẹ́gùn ṣí òrùlé wọn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Èsì 61 ló wọlé, mo kà wọ́n. Ẹnì kan ní ọjọ́ yòówù ló dára. Ẹlòmíì ní kí alága sọ. Alága ní ohun tí ilé bá fẹnu kò sí lòun fara mọ́. Òjò sì ti ń bọ̀, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ yẹn ti ń kàwé.

Àbúrò mi ní kí n lo Calendly, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tí wọ́n fi ń ṣètò àkókò ìpàdé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Doodle ni. Mo ṣí méjèèjì wò, mo rí i pé wọn kò jọra, ṣùgbọ́n n kò lè sọ èyí tó bá tiwa mu. Ẹgbẹ́ tún ti ní kí n ṣètò bí a ṣe máa bá àwọn ọmọ 32 tó béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Tanke

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ọ̀gá akọ̀wé. Ìbéèrè méjì lẹ dì sínú ẹrù kan. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀yin 14 lẹ fẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí tí ọwọ́ yín á jọ dilẹ̀ lẹ ń wá. Ìbò ló ń wá irú ẹ̀ rí: ẹ to ọjọ́ bíi mẹ́rin sílẹ̀, kálukú fi àmì sí gbogbo èyí tó lè wá, ẹ wá wo ibi tí àmì pọ̀ sí. Àwọn ọmọ 32 ńkọ́? Wọn kò ní ohun kankan bá ara wọn ṣe. Ọmọ tó wá láàárọ̀ kò ní kó dúró de èyí tó ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀ wá rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni líńkì ìgbàyè ti wúlò: ẹ sọ wákàtí tí ẹ fi sílẹ̀, ọmọ á mú ọ̀kan, èyí tó bá sì ti mú á kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa tún mú un.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an fi hàn. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Doodle sílẹ̀ ní Switzerland lọ́dún 2007, fún àwọn èèyàn tó ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa jọ pàdé. Calendly, Tope Awotona tí wọ́n bí ní Èkó ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013. Iṣẹ́ ọjà títà ló ń ṣe, ímeèlì tó ń lọ tó ń bọ̀ nítorí àdéhùn ẹyọ kan ló sú u. Lónìí, Calendly ti ní ìbò, Doodle náà ti ní líńkì ìgbàyè, nítorí náà ẹ má wo orúkọ. Irú ìpàdé tí ẹ fẹ́ ṣe ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ 11 ló ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Nígbà kan, láti aago 8 àárọ̀ ni wọ́n á ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn wọn á wà lára ògiri, á sì di aago 10 kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Ni mo bá ṣe ojú ìwé ìgbàyè sórí Google Calendar. Ẹni tó ní Gmail lásán lè ṣe ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀, aago 10 sí aago 1. Ìṣẹ́jú 20 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìṣẹ́jú 10 sáàárín kí n lè kọ ohun tí a sọ sílẹ̀ kí n sì mu omi. Mo tún sé e pé bó bá ti ku wákàtí 24, kò sẹ́ni tó lè gbàyè mọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣe àṣìṣe kan tó dùn mí wọra. Ìpàdé ẹ̀ka wa bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Orí ni mo mọ̀ ọ́n sí, n kò kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gbàyè, wọ́n sì wá bá ilẹ̀kùn ní títì. Láti Ọ̀fà ni ọ̀kan nínú wọn ti wọkọ̀. Mo dá owó ọkọ̀ rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọmọ náà ti lọ. Ohun tí kò bá sí nínú kàlẹ́ńdà yín, líńkì kò mọ̀ ọ́n. Ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ tí ẹ máa lọ sóko, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní líńkì.

Alhaja Ọjà Ọba

Tíṣà sọ̀rọ̀ ire. Ọ̀kan ni mo fẹ́ fi kún un, ó sì ká mi lára. Ẹ má fi líńkì ìgbàyè ránṣẹ́ sí àgbà láìsọ̀rọ̀.

Ọmọ kan ládùúgbò wa fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ṣàdúrà níbi tó ti fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò kí i, kò ṣàlàyé, líńkì ló kàn fi ránṣẹ́: "Ẹ mú àkókò tó bá wù yín níbí." Ẹ̀gbọ́n mi na fóònù sí mi kí n kà á. Mo kà á. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ń wá a ni?" Ó da ojú fóònù dé orí ẹní, ó bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Kò lọ síbi ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ yẹn kò mọ ohun tó ṣe títí dòní, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìbò kò ní ìyẹn nínú, nítorí gbogbo wa la jọ ń wá ọjọ́. Ṣùgbọ́n líńkì, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló jókòó, ẹni tó gbà á ló ń tò lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń ní kó wá tò.

Ọmọ Pákátà, London

Alhaja, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ti àgbà yẹn, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni líńkì jẹ́ ìwọ̀sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ yìí òru, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀sán. Táwọn ará ilé bá kọ ọ́ pé "ìgbà wo la lè bá ẹ sọ̀rọ̀?", ojú oorun ni mo wà. Nígbà tí mo bá fi máa dáhùn, àwọn náà ti sùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tí oṣù méjì fi kọjá tí n kò gbóhùn àbúrò mi. Líńkì tí mo ṣe fún wọn ló tú u. Wọ́n ń rí ìgbà tí mo jí, wọ́n á mú un, mo ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é.

Alhaja Ọjà Ọba

Ọlọ́run á fún ẹ lókun, ọmọ mi. Àbúrò rẹ lo fún, o sì ti ṣàlàyé fún wọn. Ìyẹn dáa. Fún àgbà, bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi láti kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo fẹ́ wá jókòó tì yín fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn jù? Bó bá wù yín láti mú un fúnra yín, mà á fi ibi tí ẹ máa tẹ̀ ránṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, mà á bá yín kọ ọ́ sílẹ̀."

Kí ìkíni àti ìbéèrè ṣáájú, kí líńkì tẹ̀ lé e.

Ẹnjiníà Ọ̀fà

Ọ̀gá akọ̀wé, èèyàn 14 tó ti wà lórí WhatsApp, ẹ má kó wọn lọ síbòmíì bí kò bá pọn dandan. Ìbò ti wà nínú WhatsApp láti ìparí ọdún 2022. Ó ń gba nǹkan 12 tí èèyàn lè yàn nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ju ọjọ́ márùn-ún sí i. Tó bá ti gùn, àwọn kan ò ní kà á dé ìsàlẹ̀.

Ibì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wò dáadáa. Tí ẹ bá ń ṣe ìbò náà, ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó ń sọ bóyá èèyàn lè mú ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Nínú ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde níléèwé, ẹnì kan pa á lọ́dún kan. Sátidé mẹ́ta la tò sílẹ̀, àwa 13 la dìbò. Ti àkọ́kọ́ ní 5, ti kejì ní 4, ti kẹta ní 4. A mú ti àkọ́kọ́, àwa márùn-ún yẹn la sì bá ara wa níbẹ̀. Mo wá ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. Ó hàn pé nínú àwa 13, 11 ìbá wá ní Sátidé kejì. Ọjọ́ tó wù wọ́n jù la béèrè. A ò béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè wá. Ohun méjì ni.

Tí ìbò bá ń lọ, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń wo ìbò, orúkọ kálukú àti ohun tó mú á hàn. Ẹ ó ti mọ ẹni tí kò tíì dìbò, ẹ kọ sí i ní kọ̀rọ̀. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́.

Ibi tí WhatsApp ò ti lè ràn yín lọ́wọ́: ẹ ò lè bá ẹlòmíì dìbò. Bí bàbá kan bá wà nílé tó jẹ́ fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ló ń lò, kò sí nínú ìbò yẹn rárá. Fún irú ìyẹn, When2meet ni mò ń lò, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń kun wákàtí tí ọwọ́ kálukú dilẹ̀. Kò béèrè ju orúkọ lọ, kò ní ká forúkọ sílẹ̀ tàbí ká sanwó. Mo máa pe bàbá, mo máa kọ orúkọ wọn, mo máa fi ìka kun wákàtí tí wọ́n bá sọ. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí, àwọ̀ ewé rẹ̀ á ki ju ibòmíì lọ. Ojú ẹni kò ní tàn án.

Ìyá Aláṣọ Òkè

Ẹ kú àpérò o. Ọmọ mi ló ṣe líńkì fún mi nítorí àwọn oníbàárà tó ń wá yan àwọ̀ aṣọ ìgbéyàwó. Ó fi gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀ nítorí pé lọ́jọ́ tó ń ṣe é, Ìṣẹ́gun ni mo wà nílé. Ọjà ìlú wa, ọrọọrún la ń ná an. Bó bá bọ́ sí Ìṣẹ́gun, Sátidé ló tún kàn, lẹ́yìn ìyẹn Ọjọ́rú, Sọ́ńdè, Ọjọ́bọ̀, Mọ́ńdè, Jímọ̀, kó tó padà sí Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan ni nǹkan yẹn mọ̀. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ gbàyè, wọ́n wá láti Ìlọrin, wọ́n bá ọmọ kékeré nílé, èmi wà lọ́jà níwájú àtẹ. Ojú tì mí gan-an.

Ní báyìí, ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi máa ń bá mi ka ọjọ́ ọjà, ó máa ń sé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọjọ́ 28, ọjọ́ ọjà méje ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé, tó ń ná ọjà, ẹ ràn án létí kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ará Texas

Akọ̀wé, nítorí ẹnìkan yín tó wà ní Houston ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀. Nàìjíríà kì í yí aago. Àwa ń yí i. Láti Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kẹta títí di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, wákàtí 6 la fi wà lẹ́yìn yín. Ìyókù ọdún, ó di wákàtí 7. London ní tiwọn ń bá yín ṣe aago kan náà láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fi wákàtí 1 wà lẹ́yìn yín. Ẹ rí i pé ọjọ́ tí àwa àti London ń yí i kò papọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Ẹgbẹ́ wa máa ń ṣèpàdé ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ti ilé, akọ̀wé á kọ ọ́ síwájú pé "aago 10 àárọ̀ Houston". Lóṣù kọkànlá, a ti yí aago, ó ṣì kọ aago 10. Mo wọlé ní 10 géérégé. Aago 5 ti lù nílé, àdúrà ìparí ni mo bá. Èmi ni mo ní ìṣirò owó kànga lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sún ọ̀rọ̀ kànga sí oṣù mìíràn.

Doodle àti Calendly ń fi aago ibi tí kálukú wà hàn án. Ìbò WhatsApp kò ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ ni gbogbo ayé á rí. Nítorí náà ẹ kọ aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó bóyá aago ti yí ṣáájú kí ẹ tó kọ ọ́.

Alfa Ìlọrin

Ẹ yọ aago 1 sí aago 3 ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kúrò kí ẹ tó to ọjọ́ sílẹ̀. Lásìkò Ramadan, kí ìpàdé ti tán ṣáájú aago 6 ìrọ̀lẹ́ nítorí ìṣínu. Àárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ ti mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, ẹ má fi sínú ìbò.

Tíṣà Tanke

Alfa rán mi létí ohun tí n kò sọ. Ìbò ń ka gbogbo èèyàn sí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ìpàdé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí, owó ni. Bí èèyàn 12 bá lè wá lọ́jọ́ kan tí akápò kò sì lè wá, kí lẹ fẹ́ dá lọ́jọ́ yẹn? Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù pe alága àti akápò. Ẹ gba ọjọ́ mẹ́rin tí ọwọ́ àwọn méjèèjì dilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn nìkan ni kí ẹ gbé síwájú àwọn yòókù. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ òbí níléèwé àwọn ọmọ mi, ìpàdé tí a ní láti sún kò tíì tún wáyé.

Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìbò máa parí sínú ìbéèrè náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Níwọ̀n ìgbà tí ìbò bá ṣì wà nílẹ̀, gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ti dè mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá pè wọ́n síbi ìnáwó lọ́kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá parí, ẹ kéde ọjọ́ tó wọlé, ẹ so ó mọ́ òkè ojú ìwé ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti rí ìbò tó parí dáadáa tí kò sẹ́ni tó kéde èsì rẹ̀.

Ọmọ Pákátà, London

Ti Tíṣà yẹn ṣe kókó. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ àṣegbà, bí a bá ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí Sátidé mẹ́rin, wọn ò ní dá wa lóhùn mọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ẹ̀bá Ọ̀mù-Àrán

Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mo ti béèrè. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ṣe é.

Mo pe alága lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo pe Bàbá Akápò lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, fóònù tọ́ọ̀ṣì ni tiwọn. Mo ka ọjọ́ fún wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Èyí tí mo bá fi lè ti oko dé ni kí o mú." Ọjọ́ mẹ́ta ló kù nínú mẹ́rin. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí WhatsApp, mo jẹ́ kí wọ́n lè mú ju ọ̀kan lọ, mo kọ aago ilé, ti London àti ti Houston sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ pé aago 9 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìbò máa parí. Àwọn mẹ́ta tí kò tíì dìbò nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo kọ sí wọn ní kọ̀rọ̀ bí Ẹnjiníà ṣe wí. Ọ̀kan nínú wọn ní òun rò pé òun ti tẹ̀ ẹ́.

Sátidé kejì ló wọlé, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Àwa 12 nínú 14, Bàbá Akápò wà nínú wọn, ọmọ wọn ló máa gbé fóònù tirẹ̀ síwájú wọn. Káfíńtà náà máa wọlé fún ìṣẹ́jú 10 láti sọ iye páànù tó máa lò.

Fún àwọn ọmọ 32, Google Calendar ni mo lò. Ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 5 láàárín, Sátidé méjì. Mo ti sé ọjọ́ ọjà wa tó bọ́ sí Sátidé oṣù náà, Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣeun mà, n kì bá tí rántí. Àwọn mẹ́rin kan kò ní fóònù tó lè ṣí líńkì, ọ̀gá iléèwé wọn ní kí wọ́n wá sí ọ́fíìsì òun kí òun bá wọn mú un. Láàárọ̀ yìí tí mo wò ó, àwọn 19 ti gbàyè. Ọmọ tó kọ́kọ́ mú tirẹ̀, aago 5 ku ìṣẹ́jú 10 ìdájí ló tẹ̀ ẹ́.